Ọdẹ́níran ní Ojú Fèrèsé Bí-o-ti-wí

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí gbòǹgbò igi lọ́hùn-ún, ẹ sún wá síwájú. Ẹ̀yin tí ẹ dúró, ẹ wá ibi jókòó, nítorí ìtàn tèmi kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ kan gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ húkọ́, kó hú u tán báyìí. Èmi Ọdẹ́gbàmí ni mò ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo gbé ìbọn sójú ẹfọ̀n, tí ẹfọ̀n sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ mi kó tó ṣubú. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ lọ bi ẹfọ̀n léèrè.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ara mi ni mo fẹ́ sọ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló dùn jù. Ìtàn ọ̀rẹ́ mi ni, Ọdẹ́níran, ọdẹ ìlú Ìdí-Arère, ẹni tó lọ sí Ìlú Okùn tó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Ibi tí òun bá ti gbàgbé, èmi ti bá a rántí, ẹ má sì bi mí bí mo ṣe rántí ohun tí n kò sí níbẹ̀.

Iṣu ló lé Ọdẹ́níran kúrò nílé. Ní Ìdí-Arère, ẹni tí kò bá jẹ iṣu lóòjọ́, kò tíì jẹun, kódà kó ti jẹ odidi ẹran. Ó wá di ọdún kan, àrùn wọ inú iṣu wọn. Lókè, ewé rẹ̀ á tutù yọ̀yọ̀, inú àgbẹ̀ á máa dùn. Nísàlẹ̀, bí wọ́n bá wa ebè, omi dúdú ni yóò máa sun jáde, òórùn rẹ̀ á sì máa lé ajá. Wọ́n da eérú sí i, àrùn jẹ eérú. Wọ́n ṣí oko lọ sí òdìkejì òkè, àrùn ti dé ibẹ̀ dè wọ́n. Èyí tí wọ́n fi pamọ́ sínú àká fún irúgbìn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà.

Ni Baálẹ̀ wọn, Ajíbọ́yè, bá pe gbogbo ìlú jọ. Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí a kò rí irúgbìn tí kò ní jẹrà, a ó kó ẹrù wa, a ó la odò kọjá, a ó lọ bá àwọn ẹbí wa ní òkè odò."

Ọdẹ́níran dìde, ó dọ̀bálẹ̀. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ o. Ìyá mi ńkọ́?"

Ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣúnfúnkẹ́, ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti kọ iṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá dé abẹ́ igi ọsàn, ọmọ ni yóò gbé e.

"Odò yẹn," Baálẹ̀ dáhùn, kò sì wo ojú rẹ̀, "kò gba ẹni tó gbé àgbàlagbà pọ̀n. O mọ̀ ọ́n, Ọdẹ́níran. Ẹni tí kò bá lè rìn, a ó gbé oúnjẹ àti omi kalẹ̀ fún un."

Ta ni kò mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Mo ti jẹ iṣu tó láyé." Ẹnu rẹ̀ ló ń rẹ́rìn-ín o. Ọdẹ́níran rí ọwọ́ rẹ̀ tó di ọ̀pá mú gírígírí. Obìnrin tó pọ̀n ọ́n la odò yẹn kọjá nígbà ogun ni wọ́n fẹ́ gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún bí ológbò.

"Baálẹ̀," ó ní, "ẹ fún mi di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Mò ń lọ sí Ìlú Okùn, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ iṣu lọ́wọ́ àwọn tó mọ ìdí iṣu."

"Àwọn tó ti lọ síbẹ̀ ṣáájú rẹ ńkọ́?"

"Wọn kì í ṣe èmi."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ akọ! Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn.

Àwọn àgbà ọdẹ ti máa ń sọ ọ́ pé lẹ́yìn igbó tí ọ̀nà ti ń tán, ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìlú Okùn. Àwọn iwin ibẹ̀ ní okùn ìlẹ̀kẹ̀ gbogbo ohun ẹlẹ́mìí nípamọ́, láti orí erin dé orí èbu tó ń hù lára ògiri. Àwọ̀ mẹ́rin péré ni ìlẹ̀kẹ̀ náà ní: funfun, pupa, dúdú àti àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra lórí okùn ló sọ erin di erin tó sì sọ iṣu di iṣu. Yí ẹyọ kan padà, o lè ti sọ oúnjẹ aládùn di májèlé. Ọdẹ́níran ju iṣu jíjẹrà kan sínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó kí ìyá rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sì wọgbó.

Ẹ má bi mí bí ó ṣe rìn. Ọdẹ tó bá ń ka ẹsẹ̀ rẹ̀ kò níṣẹ́ ṣe. Ẹ kàn mọ̀ pé ó dé ibi tí ọ̀nà tán, ohun kan tó tóbi bí òkìtì ọ̀gán sì dìde níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ta-ni-ọ́ lorúkọ iwin náà, ìbéèrè kan náà ló sì mọ̀ láyé.

"Ta ni ọ́?"

"Èmi Ọdẹ́níran ni."

"Ta ni ọ́?"

Ọdẹ́níran gbọn ara nù, ó kó oríkì ilé wọn bọlẹ̀, ọmọ a-bá-ẹkùn-dé-ibùba, ọmọ a-jí-jẹ-àyà-ẹtu, títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Iwin náà tún ní, "Ta ni ọ́?" Inú bí ọkùnrin náà, ó yìnbọn. Ọta ìbọn lu àyà iwin, ó yí gbirigbiri padà bọ̀ wá sẹ́sẹ̀ rẹ̀ bí ẹ̀kùrọ́. "Ta ni ọ́?"

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọdẹ́níran jókòó, ó ronú. Ní Ìdí-Arère, bí ọdẹ bá pa ẹran tó wúwo, tó fẹ́ lọ pe ènìyàn wá gbé e, yóò ta kókó kan sí ewé, yóò fi í lé ẹran náà lórí. Kókó ọdẹ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ta kókó ẹlòmíràn. Ó já ewé, ó ta kókó tirẹ̀, ó nà án sí iwin náà láìsọ̀rọ̀. Ta-ni-ọ́ gbóòórùn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó tẹ kókó náà mọ́ amọ̀ tútù títí àmì rẹ̀ fi hàn níbẹ̀, ó fẹ́ iná sí i, amọ̀ gan, ó sì fi í kọ́ Ọdẹ́níran lọ́rùn.

"Orúkọ, ẹnikẹ́ni lè jẹ́ ẹ," ó ní. "Oríkì, ẹnikẹ́ni lè kì í. Èyí nìkan ni ìwọ ó fi jẹ́ ìwọ ní ìlú yìí. Má fi yá ẹnikẹ́ni lò. Ohun tí wọ́n bá fi ṣe, ọrùn rẹ ni wọn ó ti wá béèrè." Ó sì yà kúrò lọ́nà.

Bí Ọdẹ́níran ṣe rìn díẹ̀, ó bá ìyá arúgbó kan ní oríta, iwin ni òun náà, irun rẹ̀ funfun báláú, ó ń yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí ẹyin iná. Ìyá náà ké sí i pé, "Ọdẹ, yà wá kí n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, ìyá," ni Ọdẹ́níran wí, kò tilẹ̀ dúró. "Ìbéèrè wo ni wọ́n ń kọ́ àgbàlagbà? Ẹ kú ìdáná o."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ta ni nínú yín ló ti dúró gbọ́ ẹni tó fẹ́ ṣàlàyé kí ọwọ́ rẹ̀ tó jóná rí? Ẹ jẹ́ kí n máa bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Ìlú Okùn kò ní ẹnubodè. Ògiri gíga ni, ó yí òkè kan ká, fèrèsé kan ṣoṣo tí kò ju ojú ènìyàn lọ ló sì wà lára rẹ̀. Inú fèrèsé yìí ni Bí-o-ti-wí jókòó sí. Kò lójú, etí ló ní, méjèèjì fẹ̀ bí ewé kókò. Lẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò tò lọ títí ojú kò fi lè rí òpin wọn, okùn ìlẹ̀kẹ̀ ló sì kún inú gbogbo wọn. Ẹnikẹ́ni kì í wọlé. Bí o bá fẹ́ nǹkan, ojú fèrèsé ni wàá ti wí, Bí-o-ti-wí yóò sì ṣe é bí o ti wí gẹ́lẹ́.

Kí ni ẹ rò pé Ọdẹ́níran ṣe? Ohun tí ọmọ tí wọ́n tọ́ ire máa ń ṣe ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ní, "Ẹ kú ilé o! Àwọn ará ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹran ọ̀sìn ńkọ́ o?"

"Bí o ti wí," ni Bí-o-ti-wí dáhùn.

Ó gbé okùn gbogbo ará ilé jáde: ti aáyán, ti ọmọńlé, ti eku, ti aláǹtakùn, ti ìdun tó wà nínú ẹní. Ó rọ́ ọ láti ojú fèrèsé lé Ọdẹ́níran lórí. Kò tíì dìde tán tí okùn gbogbo ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà, ọmọ ejò, ọmọ adìyẹ, ọmọ ẹja, ọmọ olú. Ìlẹ̀kẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó dé ìdí rẹ̀. Ẹran ọ̀sìn wá kún un, ewúrẹ́, àgùntàn, pẹ́pẹ́yẹ, ìlẹ̀kẹ̀ sì dé ọrùn.

"Ó tó o! Ẹ gbà mí!"

"Kò sí ohun tó ń jẹ́ Ẹ-gbà-mí nínú ìkòkò wa," ni Bí-o-ti-wí wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ìwọ àlejò yìí, o ti béèrè ju bó ti yẹ lọ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Mo tì í." Fèrèsé pa dé gbàgà. Ilẹ̀ la ẹnu, ó gbé gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ mì, ó sì ku Ọdẹ́níran nìkan lórí ilẹ̀ gbígbẹ, pẹ̀lú iṣu jíjẹrà nínú àpò rẹ̀.

Ó gbójú sókè, ó wo apá ilé. Ìkùukùu ti ń ṣú níbẹ̀. Ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lórí ọ̀pá bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀, ó sì sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, ọdẹ sunkún. Ẹni tí kò bá ti sunkún nítorí ìyá rẹ̀ rí kó jáde síwájú kí a rí i.

Nígbà tó nu ojú tán, ó padà sí oríta.

"Ìyá, mo padà dé."

"Mo rí ọ," ni arúgbó náà wí, ó yí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ padà. "Ìlẹ̀kẹ̀ ìdun ṣì wà nínú irun rẹ. Ṣé àwọn ará ilé wà dáadáa?"

"Ẹ má bínú, ìyá. Ojú ló ń kán mi."

"Ojú ń kán gbogbo yín. Ẹ̀ ń kọjá lára mi lọ wììrì, lẹ́yìn náà ẹ ó máa fi ẹkún bọ̀. Jókòó. Dáhùn èyí: kí ni ohun tí o bá kí i, á rò pé o bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, bí o bá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kò ní bi ọ́ bí o ti sùn?"

"Fèrèsé yẹn ni, ìyá."

"Etí rẹ ti ń là. Nílé yín, bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ọmọlúàbí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ẹ sì ń sọ fún un, tó bá dénú rẹ̀, á di odidi. Bí-o-ti-wí kì í ṣe ọmọlúàbí. Odidi ni o ó sọ fún un, kó má sì lé. Báwo ni ọba ilẹ̀ yín ṣe ń ránṣẹ́ sí ọba tí kò gbọ́ èdè rẹ̀?"

Ọdẹ́níran gbé orí sókè. "Àrokò ni!"

"Àrokò ni. Bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì rẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, so ohun tí o mú wá. Lẹ́yìn ìyẹn, so ohun tí o fẹ́ kí wọ́n ṣe sí i. Ìparí rẹ̀ ni kí o fi sọ ibi tí èsì yóò gbà lọ. Bí o bá fi ìyẹ́ àlùkò kan kún un nítorí ẹwà, wọn ó jù ú dànù."

"Ṣé wọn kò ní sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé?"

"Ẹ̀kọ́ ilé ti ibí yìí ni kí o má fi àsìkò ẹlòmíràn ṣòfò. Ó ku ẹyọ kan. Wo òkè kejì yẹn." Ó fi ẹ̀mú iná nà án. "Ilé Afiwéra nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ́ okùn síra, tí wọ́n ń wo ibi tí ìlẹ̀kẹ̀ ti yàtọ̀. Ọ̀gbun eléèéfín ló sì wà láàárín òkè méjèèjì. Àwọn ènìyàn máa ń gba okùn lójú fèrèsé, wọn á rù ú la ọ̀gbun kọjá, wọn á ṣubú, ìlẹ̀kẹ̀ á tú. Wọ́n ṣì ń ṣa á di bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Wá sọ fún mi, ọmọ mi: bí ẹni méjì bá ti mọ ara wọn, kí ni ìwọ ń wá láàárín wọn?"

Ọ̀rọ̀ náà yé Ọdẹ́níran.

"Fèrèsé á tún ṣí fún ọ bí òjìji igi yìí bá kan ògiri," ni arúgbó náà wí. "Àrokò kan péré ni yóò sì gbà lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá ṣì í, ó di àmọ́dún."

Ọdẹ́níran já imọ̀ ọ̀pẹ, ó yọ okùn lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í so àrokò. Ó fi amọ̀ ọrùn rẹ̀ sókè. Ó so ègé iṣu jíjẹrà tẹ̀ lé e, kí wọ́n lè mú okùn iṣu àti okùn àrùn jáde. Ó so owó ẹyọ méjì tó kọjú síra. Nílé wa, ẹni tó bá rán ìyẹn sí ọ fẹ́ kí ẹ pàdé lójúkojú ni, nítorí náà: ẹ kó okùn méjèèjì pàdé, ẹ fi wọ́n wéra. Ó so ewé iṣu tútù mọ́ ọn, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: ẹ bá mi wá iṣu tí àrùn yìí kò lè pa. Nígbà tó dé ibi ìparí, níbi tí àwọn mìíràn máa ń so ohun tó ń sọ pé kí èsì wá sọ́wọ́ wọn, ó so abẹ́rẹ́ ìsínlẹ̀kẹ̀ kan tí arúgbó náà fún un. Ìyẹn ni pé: ẹ má gbé e fún mi. Ẹ gbé e fún Ilé Afiwéra.

Ọ̀rẹ́ mi gbọ́n, àbí kò gbọ́n? Ọ̀dọ̀ ta ni ẹ rò pé ó ti kọ́ ọgbọ́n?

Òjìji kan ògiri, fèrèsé ṣí. Ọdẹ́níran na àrokò sí Bí-o-ti-wí. Ẹnu ń yún un láti kí i, ó pa ètè mọ́ra. Bí Bí-o-ti-wí ṣe ń fi ọwọ́ tọ́ àrokò náà wò láti òkè délẹ̀ ni eruku wọ̀ ọ́ nímú, ó sì sín, hàtíṣìn! Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ ronú. Àgbàlagbà sín níwájú rẹ, o kò sì gbọdọ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́! Ọdẹ́níran bu ahọ́n ara rẹ̀ jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ. Bí-o-ti-wí tún sín. Ọdẹ́níran di ẹnu mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bí o ti wí," ni Bí-o-ti-wí sọ níkẹyìn.

Okùn méjì yọ láti inú ìkòkò, ọ̀kan ti iṣu, ọ̀kan ti àrùn. Wọ́n fò kọjá lórí ọ̀gbun eléèéfín bí ọ̀kọ̀ inú òfì, Ilé Afiwéra sì nawọ́ gbà wọ́n. Ìlẹ̀kẹ̀ kankan kò bọ́. Ọdẹ́níran kò ní ẹrù kankan lórí, ó fi ọwọ́ lásán gba ẹ̀bá ọ̀gbun yípo, ó ń fò fẹ̀rẹ̀.

Ní Ilé Afiwéra, àwọn iwin asínlẹ̀kẹ̀ jókòó lórí ẹní, ìka wọn gùn bí ìgbálẹ̀. Olórí wọn, obìnrin kan tí kì í gbé ojú sókè, fún Ọdẹ́níran ní ìdajì àkèrègbè tó fọ́. Ó ní, "Bí ìdajì kejì tó wà lọ́dọ̀ wa bá ti bá èyí mu, iṣẹ́ rẹ ti jinná. O lè béèrè, ṣùgbọ́n má béèrè lẹ́mọ́lẹ́mọ́."

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, àlejò láti ilẹ̀ jíjìn, fìlà àrán lórí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń gbálẹ̀. Ó ń gbá ògiri pàpàpà. "Ṣé ó ti jinná? Ṣé ó ti jinná báyìí?" Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá béèrè, iwin tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ á ní láti gbójú sókè dá a lóhùn, ojú rẹ̀ á kúrò lórí ìlẹ̀kẹ̀ tó kà dé, á sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni irùngbọ̀n ọkùnrin náà ti hù.

Ọdẹ́níran wò ó, ó gun igi, ó jókòó sórí ẹ̀ka bí ẹni tó gun ẹ̀gùn de ẹran. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ, ẹ kò mọ ohun tí ìjókòó yẹn jẹ́. Èèrà á gun ojú rẹ, o kò ní mira. Ìgbà tí àwọn ẹyẹ bá ṣí kúrò lórí igi kan bọ́ sí òmíràn ni ó máa ń rọra béèrè, lẹ́ẹ̀kan: "Ṣé ó ti jinná?" Wọ́n á ní, "Rárá." Á dákẹ́. Ìkùukùu apá ilé sì ń dúdú sí i, gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ pariwo.

"Ìwọ ò tiẹ̀ ń kánjú ni?" ni onífìlà àrán bi í láti ìsàlẹ̀.

"Mò ń kánjú jù ọ́ lọ," ni Ọdẹ́níran dáhùn. "Ìdí nìyẹn tí n kò fi pariwo."

Ọwọ́ rẹ̀ gbóná lójijì. Ìdajì àkèrègbè kejì ti bá èyí tó dì mú mu. Olórí àwọn asínlẹ̀kẹ̀ pè é, ó tẹ́ okùn síwájú rẹ̀.

"Wo ibí yìí. Ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan wà láàárín funfun méjì. Ibẹ̀ ni àrùn yìí ń gbà wọlé, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo iṣu ìlú yín ló ní in, nítorí ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀ ń gé iṣu gbìn, ẹ tún ń gé e gbìn. Èyí tó bá pa ọ̀kan, á pa gbogbo wọn." Ó na okùn kẹta. "Iṣu yìí ní dúdú ní ojú ibẹ̀. Àrùn á kan ilẹ̀kùn títí, kò ní wọlé."

Ọdẹ́níran fẹ́ béèrè ibi tí iṣu náà wà, ó rántí pé àrokò òun ti tán. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Fọkàn balẹ̀. Okùn kì í wọ ìkòkò wa kí a má mọ ibi tí wọ́n ti mú un wá. Ahoro Òkè-Àgbọn ni, níbi tí ẹlẹ́dẹ̀ igbó ti ń hú u jẹ."

Ọdẹ́níran fi ọwọ́ lu itan. Ahoro Òkè-Àgbọn! Ibùdó àwọn baba ńlá wọn ni, kò jìnnà sí Ìdí-Arère rárá. Láti ayé baba rẹ̀ ni wọ́n ti ń pa ẹlẹ́dẹ̀ igbó níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wo ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ń hú.

Ó sáré. Ẹ̀fúùfù bá a sá, ó rẹ ẹ̀fúùfù. Bó ṣe dé ahoro tó ti àdá bọ ilẹ̀, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́yìn ọrùn. Ó wa iṣu, ọwọ́ rẹ̀ ń ya, ó ń wa á. Nígbà tó fi dé Ìdí-Arère pẹ̀lú ẹrù iṣu lórí, omi ti ń ṣàn lójú pópó. Ẹrù gbogbo ìlú ti wà níta, àwọn ọmọdé ti wà lẹ́yìn ìyá wọn. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ jókòó níwájú yàrá rẹ̀ lórí àpótí, ìkòkò omi kan lápá ọ̀tún rẹ̀, agbọ̀n oúnjẹ kékeré kan lápá òsì. Ó ti wọ aṣọ rẹ̀ tó dára jù.

"Òjò ti rọ̀, Ọdẹ́níran," ni Baálẹ̀ Ajíbọ́yè wí.

"Mo rí i, Baálẹ̀. Mo mú iṣu dé."

"Iṣu ahoro? Iṣu tí ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ? Bí ó bá jẹrà lóko, ebi yóò pa wá níbí, odò yóò sì ti kún."

Ọdẹ́níran kò jiyàn. Ó gé iṣu ahoro sí méjì, ó gé iṣu ìlú sí méjì, ó fún omi dúdú láti inú iṣu jíjẹrà sí ojú gbogbo wọn, ó sì tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lójú gbogbo agbo. "Iṣu wa kì í rí ojú ọjọ́ kejì bí omi yìí bá kàn án," ó ní. "Ẹ sùn lónìí. Bí èyí tí mo mú wá bá dúdú lọ́la, èmi fúnra mi ni yóò gbé ẹrù Baálẹ̀ la odò, èmi yóò sì padà wá jókòó ti ìyá mi."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú pé lé e lórí. Iṣu ìlú ti di omi. Iṣu ahoro funfun báláú, ojú ibi tí wọ́n ti gé e ti gbẹ. Ìyàwó Baálẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, kò wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wọlé lọ dáná. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Wọ́n gbin iṣu ahoro, ó ta, ó sì tóbi. Nígbà tí wọ́n wa á, Baálẹ̀ kó àwọn àgbà wá sílé Ọdẹ́níran, ó ní òun fẹ́ fi í joyè. Ọdẹ́níran ní, "Ẹ ṣeun, Baálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oyè wà níbẹ̀ ná. Ìyá mi ni kí ẹ bi léèrè ohun tó fẹ́."

Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ wà lórí àpótí rẹ̀, níwájú yàrá rẹ̀. Ó wo Ajíbọ́yè láti orí dé ẹsẹ̀.

"Ìwọ Ajíbọ́yè, èmi ni mo gbẹ̀bí rẹ. Ẹni tó fẹ́ fi mí sílẹ̀ fún igún, òun ni yóò gún iyán tí mo máa jẹ lónìí. Odó wà lẹ́yìn ilé."

Baálẹ̀ wo àwọn àgbà, àwọn àgbà wo ilẹ̀. Ó bọ́ agbádá rẹ̀, ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀, ó gba ọmọ odó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gún. Òógùn bo ojú rẹ̀, àwọn ọmọdé dúró lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ń wò ó. Nígbà tó ṣe tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo síwájú ìyá àgbà, ó kúnlẹ̀. Ọ̀ṣúnfúnkẹ́ bu òkèlè kan, ó fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò, ó fi sẹ́nu, ó rọra gbé e mì.

"Kókó wà nínú rẹ̀," ó ní. "Tún un gún."

Baálẹ̀ sì tún gbé ọmọ odó.